Ìdènà, ìfọ̀mọ́ tàbí ìtúnṣe: èwo ni ká fi kojú ariwo nínú kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù?

Ariwo ni ohunkóhun tó ń da kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù rú, tó sì ń fa àṣìṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ọ̀nà tó dára jù láti dín àṣìṣe kù lórí kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù tó ń lo sùpakọ́ńdọ́ktọ̀, ìyẹn irin tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdínà, ìṣirò kékeré kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe. Kó ka iye géètì oníkúbíìtì méjì tó wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ (kúbíìtì ni ẹyọ ìsọfúnni tó lè jẹ́ 0, 1 tàbí àpapọ̀ méjèèjì; géètì ni ìgbésẹ̀ tí a fi ń yí i padà), kó wá fi àṣìṣe géètì kan sọ ọ́ di púpọ̀. Géètì 200, tí àṣìṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.5%, á fún un ní 1. Ẹrù àṣìṣe ni mo máa pe nọ́ńbà yìí títí tí a ó fi parí. Tí ẹrù bá jẹ́ 1, tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ náà nígbà 100, nǹkan bíi 37 péré ni kò ní sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Tí ẹrù bá wúwo dé 5, kò ní tó ẹyọ kan nínú 100.

Ìbéèrè kejì ni ohun tí ẹ fẹ́ gbà jáde. Àwọn iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ ìpíndọ́gba ni wọ́n ń wá: agbára tó wà nínú mólékù kan, tàbí bí máágínẹ́ẹ̀tì kan ṣe ń hùwà. Ẹ ó ṣe é lẹ́gbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá, ẹ ó ro ó pọ̀, ẹ ó pín in. Àwọn iṣẹ́ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìdáhùn náà gan-an ni wọ́n fẹ́, okùn 0 àti 1 tó pé, irú èyí tí a ń wá bí a bá fẹ́ mọ àwọn nọ́ńbà tó bí nọ́ńbà ńlá kan.

Ìdáhùn méjèèjì yìí ló máa yàn fún yín. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí mo ń rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń jà ò tíì ka géètì wọn ni.

Ibi tí ariwo ti ń wọlé

Transmon ni kúbíìtì tó wọ́pọ̀ jù lórí irú ẹ̀rọ yìí. Yunifásítì Yale ni wọ́n ti gbé e jáde ní 2007. Sákíìtì kékeré ni, irin tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdínà, pẹ̀lú Josephson junction láàárín rẹ̀, ìyẹn awọ tín-ín-rín tí kì í gbé iná, tó wà láàárín irin méjì. Fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi gígáhẹ́ẹ́tìsì 5. Ooru tó bá tó kélífìnì 0.24 ti ní agbára tó lè ta á jí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e sínú fíríìjì tó tutù dé mílíkélífìnì 10 sí 20. Òtútù náà lé ooru lọ lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọ̀tá mìíràn ṣẹ́kù.

Èyí tó le jù nínú wọn ń gbé lára irin náà fúnra rẹ̀. Awọ tín-ín-rín tí ọ́síjìn máa ń tẹ̀ sójú alumíníọ̀mù tàbí náióbíọ̀mù kún fún àléébù kéékèèké tí àwọn onímọ̀ ń pè ní TLS, wọ́n sì máa ń jí agbára kúbíìtì. Wọn kì í dúró sójú kan. Wọ́n ń rìn wọlé, wọ́n ń rìn jáde lórí fíríkúẹ́ńsì tí kúbíìtì ń lò, nítorí náà T1, ìyẹn àkókò tí kúbíìtì lè fi wà ní ipò 1 kó tó ṣubú sí 0, lè gùn láàárọ̀ kó sì ti já wálẹ̀ sí ìdajì kó tó di ọ̀sán. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn, torí ó máa padà wá gbógun ti ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a fẹ́ fi wéra.

Lẹ́yìn ìyẹn, phase kúbíìtì, ìyẹn ibi tí ìgbì rẹ̀ dé nínú ìyíká rẹ̀, máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ kúrò níbi tí a fi í sí. Àwọn kúbíìtì aládùúgbò náà máa ń da iṣẹ́ ara wọn rú láìjẹ́ pé a ní kí wọ́n ṣe nǹkan kan. Transmon tún ní ipò 2, tí kò jìnnà sí ipò 1 rárá: ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣísẹ̀ 0 sí 1 àti ìṣísẹ̀ 1 sí 2 kì í ju mẹ́gáhẹ́ẹ́tìsì 200 sí 300 lọ, nítorí náà ìgbì tí a bá yára fi gbá a lè tì í bọ́ síbẹ̀. Kíkà èsì náà lè ní àṣìṣe tó nǹkan bí 1% lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, èyí tó sábà máa ń burú ju àṣìṣe géètì lọ. Ti ìtànṣán láti òfuurufú, a ó débẹ̀.

Ìdènà: ohun tí kò ná yín ní nǹkan púpọ̀

Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yìí ń ṣiṣẹ́ kí àṣìṣe tó di àṣìṣe. Kò ní kí ẹ fi ṣọ́ọ̀tì kún ṣọ́ọ̀tì (ṣíṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ni ṣọ́ọ̀tì kan), kò sì bìkítà bóyá ìpíndọ́gba lẹ ń wá tàbí okùn 0 àti 1. Nítorí náà gbogbo èèyàn ló yẹ kó lò ó. Èwo nínú wọn, ìyẹn ni ìbéèrè.

DRAG ni ọ̀nà tí Motzoi, Gambetta, Rebentrost àti Wilhelm gbé kalẹ̀ ní 2009. Ó ń tún ìrísí ìgbì tí a fi ń gbá kúbíìtì ṣe kó má baà tì í lọ sí ipò 2. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ẹ ń yá lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, àwọn tó ni ẹ̀rọ ti ṣe é tán kí ẹ tó dé. Ẹ fò ó kọjá.

Dynamical decoupling ni èyí tó yẹ kí ẹ dúró lé lórí díẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an: Erwin Hahn ló ti kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ hàn lórí kókó inú átọ́ọ̀mù ní 1950, ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó máa dárúkọ kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ ká wò ó lójú iṣẹ́. Ká ní kúbíìtì kan ń dúró de àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún máíkírósẹ́kọ́ǹdì 1, fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ sì ti yà díẹ̀, kílóhẹ́ẹ́tìsì 50 péré. Kó tó di pé wọ́n pè é padà sẹ́nu iṣẹ́, phase rẹ̀ ti yí dígírì 18. Ẹ wá fi géètì X kan, èyí tó ń yí 0 sí 1 àti 1 sí 0, sí i nígbà tó bá dúró dé ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò náà, kí ẹ sì fi òmíràn sí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìdá àkọ́kọ́ á yí dígírì 4.5 síwájú. X dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, ìdajì tó wà láàárín á fa dígírì 9 padà. X kejì dojú rẹ̀ kọ iwájú, ìdá tó kẹ́yìn á fi 4.5 lé e. Ó di òdo. X méjèèjì kò ní gbà ju nǹkan bíi nánósẹ́kọ́ǹdì 60 sí 100 lọ nínú ẹgbẹ̀rún kan tó wà nílẹ̀.

Ohun tí kò lè ṣe nìyí: tí agbára bá ti bọ́ lọ́wọ́ kúbíìtì, tó ti ṣubú láti 1 sí 0, X kò lè dá a padà. Ariwo tó bá ń yí kíákíá ju àlàfo tó wà láàárín X méjèèjì lọ náà á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí àwọn kúbíìtì aládùúgbò méjì bá sì ń dúró pọ̀, ẹ má fi X sí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ariwo tí wọ́n jọ ń pín á dúró gbọn-in bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí ti ọ̀kan bọ́ sí àárín ti èkejì. Mo ti rí ọ̀pọ̀ àlàyé tó fò apá yìí, tí òǹkàwé á sì wá máa sọ pé ọ̀nà náà kò ṣiṣẹ́.

Pauli twirling, tí àwọn kan mọ̀ sí randomized compiling látinú iṣẹ́ tí Wallman àti Emerson tẹ̀ jáde ní 2016, yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Ó ń fi géètì tí a yàn láìtò yí géètì oníkúbíìtì méjì ká, lọ́nà tí iṣẹ́ náà kò fi yí padà, àmọ́ tí àṣìṣe á fi yí ojú padà nígbà gbogbo. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà sí ọ̀tún ní gbogbo ìṣísẹ̀ á jìnnà sí ọ̀nà ju ẹni tó ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ sọ́tùn-ún sósì lọ. Géètì tó bá ń yí dígírì 1 kọjá ibi tó yẹ, tí a bá lò ó nígbà 100, á kó dígírì 100 jọ. Tí twirling bá sọ ọ́ di àìtò, nǹkan bíi dígírì 10 ni yóò kù. Kò sọ géètì kan ṣoṣo di èyí tó dára ju bó ṣe wà lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ìlò rẹ̀ tó ga jù ni pé ó ń sọ ariwo di irú èyí tí a lè fi ìṣirò mú, ìfọ̀mọ́ tó ń bọ̀ kò sì lè rìn dáadáa láìsí i.

Èwo wá ni kí ẹ mú? Bí àlàfo bá pọ̀ nínú sákíìtì yín, ìyẹn bí ẹ ṣe to géètì iṣẹ́ yín, tí àwọn kúbíìtì kan ń dúró lásán, dynamical decoupling ló kàn. Bí sákíìtì bá kún pinpin, tí kò sẹ́ni tó ń dúró, kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe. Ẹ lọ bá twirling. Èmi máa ń pa méjèèjì pọ̀ ni.

Ìfọ̀mọ́: ẹ fi ṣọ́ọ̀tì ra òótọ́

Níbí, àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀. Èsì ti dọ̀tí. Ohun tí a ń ṣe ni pé a fẹ́ fi ìṣirò fọ̀ ọ́, owó ọṣẹ sì ni ṣọ́ọ̀tì. Gbogbo ọ̀nà tó wà lábẹ́ orí yìí, ìpíndọ́gba ni wọ́n ń tún ṣe. Ẹni tó bá ń wá okùn 0 àti 1 kan pàtó, yálà fún ọ̀nà ìṣirò Shor (tó ń wá àwọn nọ́ńbà tó bí nọ́ńbà ńlá) ni o tàbí ti Grover (tó ń wá ohun kan láàárín ọ̀pọ̀), kò ní nǹkan púpọ̀ láti rí gbà níbí, àfi títún kíkà èsì ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kíkà èsì náà, torí ibẹ̀ ni owó kékeré ti ń ra nǹkan ńlá. Ọ̀nà àtijọ́ ni kí ẹ wọn tábìlì tó ń sọ bí okùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣì kà, kí ẹ wá fi ìṣirò yí i padà sẹ́yìn láti rí èsì tòótọ́. Fún kúbíìtì 5, tábìlì náà ní ìlà 32, kò sí wàhálà. Fún 20, ó ti di 1,048,576, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní M3 ń yanjú ìyẹn nípa lílo àwọn okùn tó jáde gan-an nìkan. TREX ní tirẹ̀ ń yí kúbíìtì sódì láìtò kó tó kà wọ́n, kí àṣìṣe kíkà lè di nọ́ńbà kan tí a lè fi pín èsì. Fún ìpíndọ́gba, TREX ni mo fẹ́ràn; fún iye ìgbà tí okùn kọ̀ọ̀kan jáde, M3.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìjà gidi bẹ̀rẹ̀, láàárín zero-noise extrapolation, tí a máa pè ní ZNE, àti probabilistic error cancellation, ìyẹn PEC. Temme, Bravyi àti Gambetta gbé méjèèjì kalẹ̀ nínú iṣẹ́ kan náà ní 2017, Li àti Benjamin náà sì dé ibi ZNE lọ́dún yẹn.

ZNE máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ariwo kún ariwo. Ẹ ó ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe wà. Ẹ ó tún un ṣe pẹ̀lú géètì kọ̀ọ̀kan tí ẹ ṣe, tí ẹ tú, tí ẹ tún ṣe padà, kí ariwo lè di ìlọ́po mẹ́ta. Ká ní èsì tòótọ́ jẹ́ 1, ẹ rí 0.741 nígbà àkọ́kọ́, ẹ sì rí 0.407 nígbà tí ariwo di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ fa ìlà gbọọrọ láàárín nọ́ńbà méjèèjì padà síbi tí ariwo ti jẹ́ òdo: ẹ ó rí 0.908. Ẹ fa ìlà tó ń tẹ̀ bí ìjórẹ̀yìn ṣe ń tẹ̀, ẹ ó rí 1. Dátà kan náà ni o! Ìlà tí ẹ yàn ló mú ìyàtọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá wá, ẹ̀rọ kò sì ní sọ fún yín èyí tó tọ̀nà. Ìlà gbọọrọ yẹn á béèrè ṣọ́ọ̀tì bí ìlọ́po 2.5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìgbà méjèèjì kí ìtànká èsì tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ máa ń ná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè já sí nọ́ńbà tó ju 1 lọ nígbà tó jẹ́ pé 1 ni òpin. Tí ẹ bá rí irú ìyẹn, ẹ má gé e wálẹ̀ sí 1 kí ẹ fi pamọ́. Àmì ni pé ìlà náà ti yapa.

PEC kì í fa ìlà kankan. Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ariwo ẹ̀rọ náà dunjú, ìpele géètì dé ìpele géètì, kí ẹ wá fi géètì àfikún tí àwọn kan nínú wọn ní ìwọ̀n òdì pa á rẹ́. Tí ohun tí ẹ kọ́ bá péye, ìpíndọ́gba tó máa jáde kò ní tẹ̀ sápá kan. Ibi tó ti ń dunni ni owó rẹ̀. Ìlọ́po ṣọ́ọ̀tì tó ń béèrè ń fò sókè pẹ̀lú ẹrù àṣìṣe: ẹrù 0.5 á béèrè nǹkan bí ìlọ́po 7, ẹrù 1 á béèrè 55, ẹrù 2 á ti tó 3,000. Tí ẹrù bá dé 5, ó ti kọjá mílíọ̀nù 480. Ẹni tí ṣọ́ọ̀tì 10,000 tó tẹ́lẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á jókòó síbẹ̀ ju àádọ́jọ ọdún lọ. Ibí yìí náà ni àwọn TLS tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ti padà dé. Ariwo tí ẹ kọ́ láàárọ̀ lè má jẹ́ ti ọ̀sán mọ́, PEC á sì máa fi ọkàn balẹ̀ pa ariwo tí kò sí níbẹ̀ mọ́ rẹ́.

Nítorí náà, lábẹ́ ẹrù 1, tí ẹ̀rọ bá dúró dáadáa, PEC ni kí ẹ mú, torí pé ẹ mọ ohun tí ẹ san àti ohun tí ẹ rà. Láàárín 1 sí nǹkan bíi 3, ZNE lẹ́yìn twirling. Tó bá ju ìyẹn lọ, kí ẹ máa ṣọ́ra, kí ẹ má tẹ́tí sí àwòrán tó dùn ún wò. Ìdánwò tí mo gbà yín nímọ̀ràn láti ṣe ni kí ẹ yí àwọn géètì kan padà kí sákíìtì náà di Clifford, irú èyí tí kọ̀ǹpútà lásán lè ṣírò tán, kí ẹ wá lo ọ̀nà kan náà lórí rẹ̀. Tí kò bá mú ìdáhùn tí ẹ ti mọ̀ jáde, kò ní mú èyí tí ẹ kò mọ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ Okudu 2023 fi ibi tí èyí dé hàn. IBM lo ẹ̀rọ Eagle oníkúbíìtì 127, wọ́n fi ZNE fọ èsì sákíìtì tó ní géètì oníkúbíìtì méjì tó ń jẹ́ CNOT, 2,880, nínú ìpele 60, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé Nature. Iṣẹ́ ńlá ni. Kò pẹ́ rárá tí àwọn onímọ̀, títí kan àwọn kan ní Flatiron Institute, fi fi kọ̀ǹpútà lásán ṣírò ohun kan náà. Bí mo ṣe rí i sí, ìyẹn kò dín iyì ZNE kù. Ó fi hàn pé ìfọ̀mọ́ lè gbé wa dé ibi tí kọ̀ǹpútà lásán ti ń làágùn, kò tíì fi hàn pé ó gbé wa kọjá ibẹ̀.

Lórí Qiskit, ohun èlò IBM fún kíkọ iṣẹ́ kúáńtọ́ọ̀mù, ohun tó ń jẹ́ resilience level lára Estimator (apá tó ń ṣírò ìpíndọ́gba) ló ń yan ìwọ̀nyí fún yín: 0 kò fọ nǹkan kan, 1 ń fi TREX tún kíkà èsì ṣe, 2 ń fi ZNE àti twirling kún un. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí ilé iṣẹ́ kan yàn fún yín, Mitiq, ohun èlò kan fún ìfọ̀mọ́, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹ̀rọ.

| Ọ̀nà | Ohun tó ń bá jà | Ohun tó ń ná yín | Ó dára fún |
|---|---|---|---|
| Dynamical decoupling | Phase tó ń ṣí nígbà ìdúró | Géètì X díẹ̀ | Sákíìtì tó ní àlàfo |
| Twirling | Àṣìṣe tó ń fà sápá kan | Àkókò ìtò sákíìtì | Géètì púpọ̀. Ṣáájú ìfọ̀mọ́ |
| TREX, M3 | Àṣìṣe kíkà èsì | Ṣọ́ọ̀tì díẹ̀ | Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iṣẹ́ |
| ZNE | Ariwo géètì | Ìlọ́po ṣọ́ọ̀tì díẹ̀, pẹ̀lú iyèméjì | Ìpíndọ́gba, ẹrù 1 sí 3 |
| PEC | Ariwo géètì tí a ti kọ́ | Ṣọ́ọ̀tì tó ń fò sókè | Ìpíndọ́gba, ẹrù tí kò tó 1 |
| Surface code (ìtúnṣe, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀) | Ohun gbogbo lábẹ́ ààlà | Kúbíìtì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún | Iṣẹ́ gígùn, lọ́jọ́ iwájú |

Ìtúnṣe: òun nìkan ló lè dàgbà

Ní 1995 ni Peter Shor fi hàn pé a lè fi kúbíìtì mẹ́sàn-án dáàbò bo ẹyọ kan. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà ti di ti ààlà: tí àṣìṣe kúbíìtì lásán bá wà lábẹ́ ìwọ̀n kan, bí a bá ṣe ń fi kúbíìtì kún kúbíìtì ni kúbíìtì àkópọ̀, èyí tí gbogbo wọn jọ ń gbé, á máa mọ́ sí i. Tó bá wà lórí ààlà, ńṣe ni kíkún un máa ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Nínú àwọn kóòdù, ìyẹn ọ̀nà tí a ń gbà to kúbíìtì pọ̀ láti dáàbò bo ara wọn, surface code ni a mọ̀ jù. Ààlà rẹ̀ tó nǹkan bí 1%, kúbíìtì kọ̀ọ̀kan kò sì nílò ju aládùúgbò mẹ́rin lọ, èyí tó bá bí a ṣe ń to kúbíìtì sórí pátákó mu. Ìwọ̀n rẹ̀ ni distance, d. Ẹ ó sọ d di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ ó yọ 1: d 3 gba kúbíìtì 17, d 5 gba 49, d 7 gba 97. Ní 2023, Google fi hàn pé d 5 fi díẹ̀ báyìí sàn ju d 3 lọ, 2.914% sí 3.028%. Ìyàtọ̀ náà tẹ́ lójú, àmọ́ apá ibi tó kọjú sí dára. Ní Oṣù Kejìlá 2024 wọ́n gbé Willow jáde, kúbíìtì 105. Lórí rẹ̀, àṣìṣe d 7 wálẹ̀ dé 0.143% ní ìyípo kan, gbogbo ìgbà tí d bá sì fi 2 gòkè, àṣìṣe ń fi ìlọ́po 2.14 dín kù. Kúbíìtì àkópọ̀ náà pẹ́ láyé ju kúbíìtì lásán tó dára jù lórí ẹ̀rọ yẹn lọ ní ìlọ́po 2.4.

Ẹ jẹ́ ká ná owó náà tán. Láti dé àṣìṣe kan nínú mílíọ̀nù pẹ̀lú 2.14 yẹn, d á ní láti dé 27, ìyẹn kúbíìtì 1,457 fún kúbíìtì àkópọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n mú àṣìṣe kúbíìtì lásán wá sí ìdajì, tí 2.14 fi di 4.28, ìṣirò kan náà á ní d 15 ti tó: kúbíìtì 449. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ pé kí wọ́n má fi kíka kúbíìtì yangàn. Owó tí a bá fi sórí irin tó mọ́ ń san ìlọ́po mẹ́ta padà lórí iye kúbíìtì. Ní Yunifásítì Princeton, wọ́n fi táńtálọ́ọ̀mù rọ́pò náióbíọ̀mù, T1 sì ti kọjá mílísẹ́kọ́ǹdì 0.3 ní 2021, torí pé awọ ọ́síjìn orí táńtálọ́ọ̀mù kì í gbé àléébù tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjì ló ń bá surface code du àyè. Àkọ́kọ́ ni ẹbí kóòdù tí wọ́n ń pè ní qLDPC. Èyí tí Bravyi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM tẹ̀ jáde ní 2024 ń fi kúbíìtì lásán 288 gbé kúbíìtì àkópọ̀ 12, níbi tí surface code á ti béèrè nǹkan bí 3,000. Ìdámẹ́wàá owó! Gbèsè tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kúbíìtì kọ̀ọ̀kan ní láti so mọ́ mẹ́fà, àwọn kan nínú wọn sì jìnnà, nítorí náà wáyà gígùn àti pátákó onípele pọndandan. Èkejì ni kúbíìtì cat, tí Alice & Bob, ilé iṣẹ́ kan ní Paris, ń lò, tí Amazon náà sì fi kọ́ Ocelot ní 2025. Cat máa ń gbé kúbíìtì sínú ìgbì fọ́tọ́ọ̀nù, débi pé yíyí láti 0 sí 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣẹlẹ̀ mọ́; Alice & Bob ti fi hàn pé ó lè lọ ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ láìyí. Àṣìṣe phase ló wá kù láti bá jà, ó sì ń pọ̀ sí i bí fọ́tọ́ọ̀nù bá ṣe ń pọ̀. Kóòdù tó rọrùn, tó ń lọ lórí ìlà kan dípò pátákó, lè bójú tó ìyẹn.

Tí wọ́n bá ní kí n yan lónìí, surface code ni fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ nǹkan báyìí, torí òun ni ẹ̀rí rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Fún ẹni tó ń fi ojú sọ́nà fún kúbíìtì àkópọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, qLDPC ló jọ mí lójú, bí wáyà rẹ̀ bá ṣeé ṣe. Cat ni mo fẹ́ràn jù, ìfẹ́ lásán ni, mi ò fi owó ẹlòmíràn sí i.

Ẹ má gbàgbé pé kóòdù kò dá ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà lásán kan ní láti máa ka àmì àṣìṣe kó sì túmọ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń jáde. Ìyípo kan lórí Willow kò ju máíkírósẹ́kọ́ǹdì 1.1 lọ, atúmọ̀ wọn sì ń bá ìyípo náà rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ ń dé láàárín nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ǹdì 63 fún d 5. Tí atúmọ̀ bá ń falẹ̀ ju bí àmì ṣe ń wọlé lọ, iṣẹ́ á máa gbèrú lẹ́yìn rẹ̀ títí. Ti ìtànṣán òfuurufú tí mo sún síwájú nìyí pẹ̀lú: tí ọ̀kan bá gba ojú pátákó kọjá, ó lè kó ọ̀pọ̀ kúbíìtì dà nù lẹ́ẹ̀kan náà, kóòdù sì gbà pé àṣìṣe máa ń dé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lórí àwọn ẹ̀rọ Google àtijọ́, ó ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Lórí ti tuntun, ìjì àṣìṣe tó ń kan ọ̀pọ̀ kúbíìtì pọ̀ ti di nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kan.

Bí ẹ bá fẹ́ yan ẹ̀rọ

Nínú ẹ̀rọ tí fíríkúẹ́ńsì kúbíìtì rẹ̀ ṣeé yí, bíi ti Google, géètì ń yára, a sì lè sá fún TLS, àmọ́ ariwo máágínẹ́ẹ̀tì ń rí ẹnu ọ̀nà wọlé. Nínú èyí tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ dúró sójú kan, bíi Eagle ti IBM, phase máa ń pẹ́ kó tó ṣí, ṣùgbọ́n géètì rẹ̀ falẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ń fẹnu wọnú ọ̀rọ̀ ara wọn. Heron, tí IBM gbé jáde ní ìparí 2023, fi asopọ̀ tó ṣeé yí sáàárín kúbíìtì tó dúró sójú kan. Àárín ọ̀nà ni, ó sì gbọ́n.

Nínú ìwé àlàyé ẹ̀rọ, iye kúbíìtì ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà. Ẹ wò ó kẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ wo àṣìṣe géètì oníkúbíìtì méjì, kí ẹ sì wo ti àwọn tó burú jù, torí èyí tó wà láàárín lè fi mẹ́wàá tí kò wúlò pamọ́. Ẹ wo àṣìṣe kíkà èsì. Ẹ wo gígùn géètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ T1: géètì nánósẹ́kọ́ǹdì 100 lórí T1 máíkírósẹ́kọ́ǹdì 100 ti fi 0.1% sọnù fún kúbíìtì tó wà ní ipò 1, kí a tó ka ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo wákàtí tí wọ́n wọn àwọn nọ́ńbà náà. Tó bá ti pẹ́, ẹ tún wọn kúbíìtì tí ẹ fẹ́ lò fúnra yín, kí ẹ yan àwọn tó dára jù lọ́jọ́ tí iṣẹ́ máa wọlé gan-an, kí ẹ wá padà lọ ka géètì yín.